Sìlíńdà Kẹta: Àkọsílẹ̀ Ẹ́ńjìnnì Àlòkù Kan Tí A Yẹ̀ Wò Kí A Tó Gbé E Sínú Ọkọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà dé ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán bíi tuntun, wọ́n sì so ó mọ́ pákó kó má baà yí. Ìyá kan tí mo ti ń bá tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́ ló lọ rà á fúnra rẹ̀. Kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó ń gbé písítìn, ti já nínú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì ti yọ ẹ́ńjìnnì yẹn kúrò. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wọlé lónìí," bó ṣe wí nìyẹn, "kí n lè rí ọkọ̀ gbé jáde lọ́la." Ó mú fóònù jáde, ó fi fídíò hàn mí níbi tí ẹni tó tà á fún un ti sítáàtì rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò sí ìró irin, kò sí èéfín.

Mo bẹ ìyá náà pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì. Ojú wọn rọ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé ẹ́ńjìnnì wọlé tán, tí a dè é mọ́ jíà, tí a so gbogbo wáyà àti páìpù, tí a da omi sí i, tó wá di ọ̀la tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, iṣẹ́ náà di méjì nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó tà á á ní àwa la bà á jẹ́. Nígbà tó ṣì wà nílẹ̀, ọwọ́ tó ibi gbogbo lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì dìjà. Fídíò lè jẹ́ ká gbọ́ bíárìn tàbí fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà) tó ń lu ara. Kò lè jẹ́ ká rí ògiri sìlíńdà, ihò tí písítìn ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tí ògiri rẹ̀ ti jẹ kọjá ààlà, tó ń dún jẹ́jẹ́ bó bá dúró sójú kan, àfi ìgbà tó gbé ẹrù tó dé orí òkè kó tó fi èéfín búlúù hàn.

Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin ni, lítà 2, bẹntiróòlù ló ń mu, irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, fífẹ̀ sìlíńdà rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun sì jẹ́ 86.00 mm. A kọ́kọ́ fi sípánà gígùn yí kíráǹkì rẹ̀, ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí, yípo méjì pẹ̀lú ọwọ́. Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò há níbì kankan. Lẹ́yìn náà la tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a tò wọ́n sórí bébà funfun bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ẹnu ìkíní, ìkejì àti ìkẹrin gbẹ, àwọ̀ wọn pupa rúsúrúsú bó ṣe yẹ kó rí. Ìkẹta dúdú bí èédú, ó sì tutù. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ́ìlì ti tàn yí i ká lórí bébà náà.

A dán kọ́mpíréṣọ̀n wò, ìyẹn bí sìlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. A de sítátà mọ́ ọn, a lo bátìrì tó kún, púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta, ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sì gba ìfúnpọ̀ márùn-ún. Ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ṣí yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Tó bá wà ní pípa, sìlíńdà kò ní rí afẹ́fẹ́ fún pọ̀, gbogbo nọ́ńbà á wálẹ̀, a ó sì máa bú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣẹ̀. Ohun tí gééjì sọ ni 170 psi (ìwọ̀n agbára ìfúnpọ̀) fún ìkíní, 165 fún ìkejì, 185 fún ìkẹta, 170 fún ìkẹrin.

Ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ìkẹta ló lágbára jù."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ti kọ "ó dára" sára bébà. Ìgbà tí mo fẹ́ dá àwọn púlọ́ọ̀gì padà ni ojú mi tún bọ́ sára èyí tó dúdú yẹn, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́. Sìlíńdà tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ burú jù, báwo ló ṣe máa jẹ́ òun ni kọ́mpíréṣọ̀n rẹ̀ dára jù? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Rìngì tó yí písítìn ká kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri tó ti jẹ. Àlàfo wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà sá. Bí ọ́ìlì bá wà lórí písítìn, á ṣàn lọ dí àlàfo yẹn, afẹ́fẹ́ kò ní rọ́nà gbà mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọ́ìlì náà sì tún gba lára àyè tí afẹ́fẹ́ ìbá dúró sí, èyí ló ń jẹ́ kí gééjì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Torí náà, bí sìlíńdà kan bá ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ láìnídìí, òun gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Mo gbé písítìn kẹta wá sókè pátápátá, mo fi sìríńjì tó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ohun tó wà lórí rẹ̀ jáde. Ọ́ìlì ni, ó mọ́ lóló, àwọ̀ oyin. Ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì kì í mọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ló fi ọwọ́ dà á síbẹ̀.

Mo pe ẹni tó tà á. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù: ó ní àwọn ọmọ òun máa ń kán ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì tó bá fẹ́ pẹ́ nílẹ̀, kí ògiri rẹ̀ má baà dípẹtà. Ohun tó tọ́ ni, èmi náà ń ṣe é. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mẹ́ta yòókù gbẹ táútáú." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní bóyá ọmọ náà gbàgbé ni. N kò pè é ní ẹlẹ́tàn, n kò sì rò pé ó yẹ kí n pè é bẹ́ẹ̀, torí n kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kán ọ́ìlì náà. Ẹ́ńjìnnì ló wà níwájú mi, òun ni mo ní láti bi léèrè.

A fi sítátà yí i kí ọ́ìlì tó kù lè tú jáde, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a tún un dán wò. Ìkíní 170, ìkejì 165, ìkẹrin 170, bíi ti àná. Ìkẹta já wálẹ̀ sí 120. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe ń tẹ̀ lé ni pé èyí tó kéré jù kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó ga jù lọ. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 170 lé ní 127. Ìkẹta kò dé ibẹ̀.

Mo wá ṣe é ní gbangba ohun tí ẹnìkan ti ṣe ní kọ̀rọ̀: mo fa ọ́ìlì mílílítà 5, ìwọ̀n ṣíbí tíì kan, sínú ìkẹta, a sì yí i. Gééjì fò sókè sí 175. Ká ní fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ tọ́ọ̀pù, ìdérí sìlíńdà, ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ni, ọ́ìlì kò ní ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò lè dúró lókè níbi tí fáàfù wà. Bí ọ́ìlì bá ti gbé e ga báyìí, rìngì tàbí ògiri ni.

Ẹ̀rí kejì ni mo wá lọ gbà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. A gbé písítìn dé òkè pátápátá níbi tí fáàfù méjèèjì ti pa, a fi afẹ́fẹ́ 100 psi wọlé láti ihò púlọ́ọ̀gì, a wo iye tó dúró. Ẹ ti kíráǹkì kó le kí ẹ tó ṣí afẹ́fẹ́, torí bí písítìn bá fi díẹ̀ kúrò lókè, afẹ́fẹ́ náà á tì í wálẹ̀ lójijì, sípánà tó bá wà lẹ́nu kíráǹkì lè ṣẹ́ni lọ́wọ́. Nínú mẹ́ta tó sàn, ohun tó ń jò kò ju 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ti ìkẹta jẹ́ 28. A wá tẹ́tí. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé dákẹ́, ihò èéfín dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, a gbọ́ ọ "ṣííí". Ó ya bébà pélébé kan, ó gbé e sẹ́nu ihò náà. Bébà yẹn ń gbọ̀n rìrì bí ìyẹ́ kòkòrò. Láti orí písítìn ni afẹ́fẹ́ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rìngì kọjá, tó ń wọ inú àpótí ọ́ìlì, tó sì ń jáde lókè.

Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ la tún kì bọ ihò púlọ́ọ̀gì. Nínú ìkíní, ìlà tí wọ́n fi òkúta họ nígbà tí wọ́n ń ṣe sìlíńdà ṣì wà, ó ń dábùú ara wọn bí ojú ẹní tí wọ́n hun. Inú ìlà wọ̀nyẹn ni ọ́ìlì ń sá pamọ́ sí kí rìngì lè máa rí nǹkan yọ̀ lórí rẹ̀. Nínú ìkẹta, lápá kan, ojú ẹní yẹn ti pa rẹ́ láti òkè dé bí ìdá mẹ́ta ọ̀nà. Ògiri ibẹ̀ ń dán bíi dígí, ìlà òòró mélòó kan sì gba ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kámẹ́rà máa ń ṣe àṣejù o. Iná rẹ̀ ń sọ ìlà kékeré di kòtò, ó sì tún lè fi ògiri tó ti jẹ hàn bí èyí tó mọ́. Ó ń fi ibi tó yẹ ká wọ̀n hàn wá, kò lè wọ̀n ọ́n fún wa.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ pèsì jẹ. Ẹni tó tà á ní òun kò gba ti afẹ́fẹ́ àti bébà gbọ́, àti pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti tú, òun kì í gbà á padà. N kò bínú sí i, torí àwọn kan wà tó máa ń pààrọ̀ nǹkan inú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó dá a padà. A wá fẹnu kò pé yóò wá fúnra rẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa fọwọ́ kan bóòtù kankan kó tó dé, ohun tí a bá sì jọ rí la ó jọ gbà. Ìyá oníbàárà bi mí bóyá títú u kò ní mú un burú sí i. Mo sọ fún wọn pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun àti bóòtù tuntun fún tọ́ọ̀pù sìlíńdà la ó rà bí a bá ní láti tò ó padà, torí irú bóòtù tó wà lára eléyìí ń nà nígbà tí wọ́n bá fún un, kì í ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbà.

Ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n tó ta ẹ́ńjìnnì náà dé, a sì ṣí tọ́ọ̀pù. Mo fi igi há èédú tó dì mọ́ etí òkè sìlíńdà kúrò, torí èédú yẹn lè tan ọwọ́ jẹ, kéèyàn rò pé ògiri ló ga. Lẹ́yìn náà ni mo fi èékánná gba ògiri sìlíńdà kẹta gòkè láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé etí, èékánná mi kọ́, ó sì dúró. Rìngì kì í dé bíńtín tó kẹ́yìn lókè yẹn, torí náà ibẹ̀ wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló jẹ, tó wá dà bí àtẹ̀gùn kékeré. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kàn án." Ó fọwọ́ kàn án, ó tún lọ fọwọ́ kan ti ìkíní, ó padà wá sí ìkẹta. Kò sọ nǹkan kan.

Èékánná kì í ṣe gééjì. Búlọ́ọ̀kù náà, maikirómítà àti gééjì tí a fi ń wọn inú sìlíńdà ti jọ sùn nínú yàrá kan náà láti alẹ́, kí ooru wọn lè dọ́gba. Ọ̀rọ̀ ooru yìí kì í ṣe àṣejù. Irin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 86 mm á fi nǹkan bí 0.02 mm tóbi sí i bí ooru bá fi ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ sókè. Nínú iṣẹ́ tí 0.05 lè yí ìdájọ́ padà, 0.02 kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Mo fi maikirómítà sí 86.00, mo tún gééjì ṣe sí i, mo wá ń mi gééjì náà síwá sẹ́yìn nínú sìlíńdà, torí nọ́ńbà tó kéré jù nínú ìmì yẹn ni fífẹ̀ tòótọ́.

Ibi mẹ́ta la ti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, níbi kọ̀ọ̀kan sì ni a gbé gééjì sí ọ̀nà méjì: ìkan ní ìbú kíráǹkì, ìkan ní òòró rẹ̀. Ìdí ni pé nígbà tí iná bá ti písítìn wálẹ̀, kọ́ńrọ́ọ̀dù kì í dúró gbọnrangandan. Ó máa ń dagun, á sì fi písítìn ti ògiri ní ìbú kíráǹkì. Apá ibẹ̀ ló ń jẹ jù. Òkè ló sì ń jẹ ju ìsàlẹ̀ lọ, torí níbẹ̀ ni ooru ti pọ̀ jù, tí ọ́ìlì ti kéré jù, tí agbára iná ti ń ti rìngì mọ́ ògiri jù, ibẹ̀ náà sì ni rìngì ti ń dúró kó tó yí padà, tí ọ́ìlì tó wà láàárín á sì já.

Ìkíní: òkè 86.03 ní ìbú, 86.02 ní òòró, ìsàlẹ̀ 86.01 lọ́nà méjèèjì. Ìkejì àti ìkẹrin kò yàtọ̀ sí i ju 0.01 lọ. Ìkẹta: òkè 86.17 ní ìbú, 86.08 ní òòró, àárín 86.10 àti 86.05, ìsàlẹ̀ 86.03 àti 86.02. Ẹ wo ìkẹta dáadáa. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìbú, ó fi 0.14 mm yàtọ̀, ìyẹn ni pé ó ti ṣe bí àrọ tí a fi ń da epo. Lókè, ìbú fi 0.09 ju òòró lọ, ìyẹn ni pé kò rí roboto mọ́, ó ti ṣe bí ẹyin. Ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì yìí fi 0.10 ṣe ààlà fún ti àrọ, 0.05 fún ti ẹyin. Ó ti ré ààlà méjèèjì kọjá.

Ọmọ iṣẹ́ mi béèrè ohun tí ẹni tí kò ní irú gééjì yìí á ṣe. Ìbéèrè tó dáa ni, torí náà a tú àpótí ọ́ìlì, a yọ písítìn kẹta, a mú rìngì òkè rẹ̀. A fi orí písítìn ti rìngì náà sísàlẹ̀ sìlíńdà kó lè dúró gbọọrọ, a fi fílà gééjì (irin pélébé tí a fi ń wọn àlàfo) wọn ẹnu rẹ̀ níbi tí orí rẹ̀ méjèèjì ti kọjú síra: 0.42 mm. A tún un gbé sókè: 0.73. Rìngì kan náà la lò níbi méjèèjì, torí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé rìngì ló jẹ tí kì í ṣe ògiri. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.31. Pín in sí 3.14, kí àyíká lè di fífẹ̀, á di nǹkan bí 0.10. Ìyẹn ni iye tí òkè fi fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n gééjì ti sọ 0.14 fún wa. Kí ló dé? Rìngì ń wọn àyíká ni, ó ń pa ìbú àti òòró pọ̀, ó ń fún wa ní àárín méjèèjì. Kò lè rí ti ẹyin láéláé. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan, á rò pé ẹ́ńjìnnì yìí wà lórí ààlà gẹ́lẹ́, á sì lè dágbá lé e. Inú mi dùn pé ọmọ náà fojú ara rẹ̀ rí i.

Kí ló jẹ ìkẹta nìkan? Tí eruku bá gba inú fílítà wọlé, gbogbo sìlíńdà ló máa ń jẹ. Tí ọ́ìlì bá gbó jù, gbogbo wọn ni. Púlọ́ọ̀gì tó dúdú bí èédú yẹn ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ kìíní: epo ló pọ̀ jù níbẹ̀. A tú òpó epo pẹ̀lú nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n epo lórí rẹ̀, a fi epo tì í ní agbára báà 3 láìfi iná mànàmáná sí i, a tẹ́ bébà sábẹ́ wọn. Mẹ́ta gbẹ. Ìkẹta kán tó, ó tún kán tó, kò dúró. Bẹntiróòlù tó ń kán báyìí ló ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri, irin sì ń yún irin. Ká ní a kàn fi písítìn àti rìngì tuntun sí i tí a dá nọ́súlù yẹn padà, ọ̀nà ibẹ̀ náà ló máa tún gbà.

Ẹ̀gbọ́n náà béèrè bóyá rìngì tuntun nìkan kò ní tó. Kò ní tó. Rìngì tuntun roboto, kò lè lẹ̀ mọ́ ògiri tó ṣe bí ẹyin, àtẹ̀gùn òkè yẹn sì lè ṣẹ́ ẹ ní ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ kọlù ú. Gbígbẹ́ ògiri fẹ̀ ló kù. Èyí tó bá fi 0.25 fẹ̀ kò dá mi lójú, torí apá kan ló jẹ jù, bí wọ́n bá sì fẹ́ kí àárín sìlíńdà wà níbi tó wà, abẹ gbígbẹ́ lè má kan ìsàlẹ̀ ibi tó jẹ. 0.50 ni n bá fọkàn tán, pẹ̀lú písítìn mẹ́rin tó bá a mu kí ìwọ̀n wọn lè dọ́gba. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì máa ń dára bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ìyá yìí sanwó fún. Ẹ̀gbọ́n gbà, ó gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ, ó sì fún wọn ní òmíràn láìjà.

Òmíràn yẹn gbà wá ní ààbọ̀ ọjọ́ péré. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ, àwọ̀ kan náà. Kí a tó dán an wò rárá la ti kọ́kọ́ kì sìríńjì bọ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan láti wá ọ́ìlì, kò sí. Kọ́mpíréṣọ̀n wà láàárín 165 sí 175, afẹ́fẹ́ tó ń jò wà láàárín 6 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún, ojú ẹní hàn ketekete nínú gbogbo wọn, nọ́súlù kankan kò kán. A kò ṣí tọ́ọ̀pù rẹ̀, torí kò sí ohun tó ní ká ṣí i. A gbé e wọlé.

Ìyá náà padà wá nígbà tí wọ́n ti fi rìn tó 1,000 km. Mo fa gééjì ọ́ìlì yọ níṣojú wọn. Ó wà níbi tí mo sàmì sí gan-an. Mo ti kọ nọ́ńbà sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí káàdì kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, mo fi í sínú ìwé ọkọ̀ wọn, kí ẹnikẹ́ni tó bá tún máa dán an wò lọ́jọ́ iwájú lè rí ohun tó máa fi wé e.